Láti Orí Owó Ẹyọ dé Orí Náírà: Ohun tí Èdè Yorùbá Fi Pamọ́ nípa Owó àti Ìgbẹ́kẹ̀lé

1.0 Ìfáárà

Bí ènìyàn bá tẹ́tí sí ìròyìn lédè Yorùbá lórí rédíò, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ kan ya ọgọ́rùn-ún àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà sọ́tọ̀ fún títún ọ̀nà ṣe, tàbí pé wọ́n gbé òṣìṣẹ́ kan lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ogún àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà tí ó pòórá. Ẹni tí ó ń ka ìròyìn náà kò fi owó ẹyọ ra nǹkan rí. Àwọn òbí tí ó bí i kò fi í ra nǹkan rí. Síbẹ̀, owó ẹyọ ni ó ń kà. Ọ̀kẹ́ ni àpò tí àwọn baba ńlá wa ń kó 20,000 owó ẹyọ sí. Àádọ́ta irú àpò bẹ́ẹ̀ ni ó di 1,000,000. Nígbà tí a bá pe mílíọ̀nù kan náírà ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà, àpò owó tí ó ti kú ni a fi ń wọn owó tí ó wà láàyè.

Nígbà tí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ní kíláàsì pé kí ni ọ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn dáhùn pé mílíọ̀nù ni. Àwọn díẹ̀ ní ohun tí ó pọ̀ tí kò ṣe é kà ni, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye. Kò sí ẹni tí ó ní àpò ni. A kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn ni ó mú wa ronú kan iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ pé owó kan ti kú rí ní ilẹ̀ yìí lè rò pé owó kì í kú.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí òǹkà Yorùbá àti lórí ìtàn owó ẹyọ. Ohun tí ó jẹ wá lógún níhìn-ín ni bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe wọnú ara wọn, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó ń ṣòwò, tí ó ń gba owó oṣù, tàbí tí ó ń tọ́jú owó pamọ́ lónìí. Èrò wa ni pé owó tí Yorùbá ń ná ti yí padà léraléra láàárín nǹkan bí ọgọ́fà ọdún, àti pé ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí, ẹni tí ó kó gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ lé owó náà gan-an ni ó máa ń pàdánù jù. Ohun tí kò yí ni ètò tí ènìyàn gbé ka orí ènìyàn: àwìn, èsúsú àti àjọ. Èdè wa tọ́jú ìtàn méjèèjì.

2.0 Owó Ẹyọ àti Òǹkà Yorùbá

Owó ẹyọ kì í ṣe ohun tí a ń ṣà ní etí òkun Èkó tàbí ti Àgbádárìgì. Láti erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà ni irú èyí tí ó kéré nínú rẹ̀ ti wá. Díẹ̀ gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn Potogí ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá, tí àwọn ará Họ́láńdì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀lé wọn. A kò lè sọ ìtàn owó ẹyọ kí a fi òwò ẹrú pamọ́. Nínú ẹyọ tí ọkọ̀ Òyìnbó kó wá ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, èyí tí ó pọ̀ jẹ́ owó orí ènìyàn. Ọkọ̀ tí ó kó ẹyọ dé ni ó kó ọmọ ènìyàn lọ.

Nígbà tí ó dé ọjà wa tán, owó ẹyọ di owó tòótọ́. Kò ṣe é ṣe ní ayédèrú, kì í jẹrà, omi kò lè bà á jẹ́, ó sì kéré tó láti fi ra àkàrà kan. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, èyí tó ẹrù tí alágbàrù kan lè rù lórí. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé àádọ́ta ọ̀kẹ́ láti ìlú kan sí òmíràn yóò wá àádọ́ta alágbàrù, yóò sì tún wá àwọn tí yóò ṣọ́ wọn lọ́nà.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tí ó gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé ní ọdún 1887 lórí bí wọ́n ṣe ń ka owó yìí. Wọn yóò da àpò owó sílẹ̀; ẹni tí ó ń kà á yóò máa fa márùn-ún márùn-ún sọ́tọ̀. Bí ó bá fà á nígbà mẹ́rin, ó di ogún. Òkìtì ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Ẹni tí ó bá mọ òǹkà Yorùbá yóò rí i pé ètò òǹkà wa bá ọ̀nà yìí mu gan-an. Ogún ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Igba sì ni ó bí àwọn tí ó tẹ̀lé e: ẹgbẹ̀ta jẹ́ igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún jẹ́ igba márùn-ún, ẹgbàá sì jẹ́ igba mẹ́wàá. A kò sọ pé owó ẹyọ ni ó dá òǹkà Yorùbá sílẹ̀. Ohun tí a rí ni pé òǹkà ńlá-ńlá wa dàgbà ní ibi tí wọ́n ti ń ka owó.

Ẹ̀rí mìíràn wà ní ẹnu wa lójoojúmọ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ṣàkíyèsí pé nígbà tí a bá ń ṣírò iye owó, a máa ń fa fáwẹ̀lì iwájú nọ́ńbà gùn: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún. Owó kan ni ó di oókan, owó èjì ni ó di eéjì. Okòó náà jẹ́ ogún owó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí "eélòó" nìyẹn pẹ̀lú: owó èló ni. Nítorí náà, ọmọdé tí a rán níṣẹ́ lónìí, tí ó dúró níwájú ìsọ̀ tí ó sì béèrè pé "Ẹ jọ̀ọ́ mà, eélòó ni búrẹ́dì yìí?", ń béèrè pé owó ẹyọ mélòó ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni yóò fi san owó rẹ̀.

Ó yẹ kí a fi kún un pé owó ẹyọ kò mọ sí ọjà nìkan. Ó jẹ́ ìwé fún àwọn tí kò kọ ìwé. Nínú àrokò, ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn ń sọ pé ọkàn ẹni fà sí i, nítorí ẹ̀fà ni. Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì jọ, nítorí ẹ̀jọ ni. Èyí fi hàn pé Yorùbá kò rí owó gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń ra nǹkan nìkan. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ, tí ẹnì kejì gbà gbọ́. Bí ẹnì kejì kò bá gbà á gbọ́ mọ́, ìkarahun lásán ni.

3.0 Bí Owó Ẹyọ Ṣe Kú

Ìgbà tí owó ẹyọ pọ̀ jù ni àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò láti Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn, tí ó tóbi tí kò sì dán tó ti Maldives, láti agbègbè Zanzibar wá sí etí òkun wa, wọ́n sì fi ń ra epo pupa. Ẹyọ yìí rọrùn láti rí, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ń rà á níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù rẹ̀ ni ó wọlé. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí owó tí ó pọ̀ ju ọjà lọ ni ó ṣẹlẹ̀: ọjà wọ́n, owó di yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó ti tọ́jú ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pamọ́ ní 1845 kò pàdánù ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà kò pé mọ́.

Lẹ́yìn náà ni owó Gẹ̀ẹ́sì dé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Iṣẹ́ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Òṣogbo ní 1907, ń san owó iṣẹ́ fún lébìrà ní ṣílè. Ní 1904, ìjọba Gúúsù Nàìjíríà fòfin de kíkó owó ẹyọ wọlé. Owó orí tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní ilẹ̀ Yorùbá ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, èyí tí ó wà nínú ohun tí ó fa Ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, owó Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi san án. Ẹni tí kò ní ṣílè níláti wá a, yálà kí ó lọ ṣe lébìrà tàbí kí ó gbin kòkó.

Iye tí àwọn àgbà ìgbà náà ń ṣírò rẹ̀ sí ni pé ẹgbàá jẹ́ sísì kan, ẹgbẹ̀rún jẹ́ tọ́rọ́ kan, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ ṣílè márùn-ún. Bí a bá ṣe ìṣirò yìí dé òpin, ọ̀kẹ́ mẹ́rin ni pọ́n-ùn kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì jẹ́ pọ́n-ùn méjìlá àti ààbọ̀. Ẹrù àádọ́ta alágbàrù ti di ohun tí ọmọdé lè dì sínú àpò.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ mú máńílà, owó onídẹ tí wọ́n ń ná ní apá ìlà-oòrùn, kúrò nílẹ̀ ní 1948 sí 1949, ó gbà á padà lọ́wọ́ àwọn tí ó ní in, ó sì fún wọn ní owó tuntun dípò rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún owó ẹyọ. Kò sí ibi kankan tí ènìyàn lè gbé ọ̀kẹ́ rẹ̀ lọ kí ìjọba pàrọ̀ rẹ̀ fún un. Ó kú sọ́wọ́ àwọn tí ó kó o jọ ni. Àwọn tí ó tètè mọ̀, pàápàá àwọn oníṣòwò tí ó ń lọ sí Èkó, ti sọ tiwọn di ṣílè, aṣọ tàbí ilẹ̀. Àwọn tí ó gbẹ̀yìn ni arúgbó, àgbẹ̀ inú oko àti obìnrin tí ó ń fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó.

Ní ilé tí a ti tọ́ òǹkọ̀wé yìí dàgbà, ìkòkò kan wà ní ìyẹ̀wù tí owó ẹyọ kún inú rẹ̀ dé ọrùn. Ìyá ìyá wa àgbà ni ó fi í sílẹ̀. Àwa ọmọdé ń bu nínú rẹ̀ láti fi ṣeré ayò, kò sì sí ẹni tí ó bá wa wí. Ó pẹ́ kí ó tó yé wa pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún obìnrin kan ni a fi ń ṣeré.

4.0 Ṣílè, Kọ́bọ̀ àti Náírà

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1912. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń darí rẹ̀. Yorùbá gba owó náà, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ bí ẹnu wọn ṣe lè pè é: ọ̀nínì, eépìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, pọ́n-ùn. Ọ̀nínì, ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀, ní ihò láàárín, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kọ́bọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè sín wọn sórí okùn bí ó ti ń sín owó ẹyọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ fínnífínní, nítorí ó jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí a ń sọ. Títí di 1972, kọ́bọ̀ kan jẹ́ pẹ́nì kan owó Gẹ̀ẹ́sì, 240 rẹ̀ sì ni pọ́n-ùn kan. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, Nàìjíríà pa pọ́n-ùn tì, ó gbé náírà jáde. Náírà méjì ni wọ́n fi dípò pọ́n-ùn kan, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sì ni náírà kan. Láti ọjọ́ náà, 200 kọ́bọ̀ ni ó tó pọ́n-ùn kan. Orúkọ kò yí, ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ti yí. Ní ọjà, àwọn ènìyàn ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè kan, wọ́n ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹnu máa ń gbẹ́yìn owó.

Bí a bá fi ìṣirò àwọn àgbà tí a mẹ́nu bà lókè kan náírà ọdún 1973, ọ̀kẹ́ méjì ni náírà kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì jẹ́ náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré. Lónìí, kò sí ohun tí ènìyàn lè fi náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rà ní ọjà wa. Kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Inú ọ̀rọ̀ nìkan ni ó kù sí, nígbà tí ènìyàn bá búra pé òun kò ní kọ́bọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí owó ẹyọ láti 1845 ti ṣẹlẹ̀ sí náírà pẹ̀lú, láìsí pé ẹnikẹ́ni kó ìkarahun wọlé.

Yàtọ̀ sí ọ̀wọ́n-gógó, ìjọba tún pàrọ̀ owó lójijì ní ẹ̀ẹ̀mejì, lábẹ́ olórí kan náà, Muhammadu Buhari. Ti àkọ́kọ́ wáyé ní oṣù kẹrin ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun yí àwọ̀ owó bébà padà, tí ó ti ẹnu ibodè, tí ó sì fún àwọn ènìyàn ní ọjọ́ díẹ̀ láti kó tiwọn wá sí báńkì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé wọn yóò tún bébà 200, 500 àti 1,000 náírà yà. Wọ́n fi òpin sí ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n sún un di ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Owó àtijọ́ wọ báńkì, tuntun kò jáde tó. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó tún pàṣẹ pé kí méjèèjì jọ máa bá ara wọn lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2023 yìí, àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ àwọn oní-POS. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ pé nínú báńkì kò rí owó ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní owó ní bí òun kò bá sí nílé, kí ẹnikẹ́ni má dá ìmọ̀ràn lẹ́yìn òun. Ní oṣù náà, owó kò sí nílé. A sì níláti dá ìmọ̀ràn.

5.0 Àwìn, Èsúsú àti Àjọ

Báwo ni àwọn ènìyàn ṣe jẹun ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn? Ní àdúgbò wa, ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀wà àti gààrí ṣí ìwé kan tí ọmọ rẹ̀ ti lò tán ní ilé-ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Ó ń wọn ọjà fún ẹni tí ó bá mọ̀, ó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ máa kó o lọ, ẹ ó san án bí owó bá dé." Àwìn ni. Àwìn yìí kan náà ni ènìyàn kọ sára ògiri ọ̀pọ̀ ìsọ̀ pé wọn kò tà. Nígbà tí owó ìjọba dákú, òun ni ó gbé ọjà dúró.

Àwìn ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn Ìjẹ̀ṣà kan ń ru aṣọ káàkiri ìlú àti abúlé, wọ́n ń tà á fún àwọn ènìyàn láìgba owó lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì padà wá gba owó náà ní díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ń yẹ ọjọ́, ọlọ́jà yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò ní òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀: Òṣómàáló níláti mọ oníbàárà rẹ̀, ilé rẹ̀, ìgbà tí kòkó rẹ̀ yóò gbó, àti irú ẹni tí ó jẹ́. Ìmọ̀ nípa ènìyàn ni ó jẹ́ owó ìdókòwò rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn fi èrè rẹ̀ kọ́lé, wọ́n rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, wọ́n sì di oníṣòwò ńlá.

Ètò èsúsú dàgbà ju èyí lọ. Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀, William Bascom sì kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá 5,000 náírà lọ́sẹ̀, 50,000 náírà ni ẹnì kan yóò kó lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kárí wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Kò sí èlé, kò sí ìwé àdéhùn. Ohun tí ó wọlé ni ó jáde. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó gba owó tí kò tíì dá tán. Ẹni tí ó kó gbẹ̀yìn fi owó rẹ̀ ran àwọn mẹ́sàn-án lọ́wọ́. Àjọ yàtọ̀: owó ẹni ni ẹni ń kó lọ́jọ́ ìparí oṣù, alájọ sì máa ń mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Títí di òní, bí a bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, a máa ń sọ pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú.

Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú sí òkè òkun, àti àwọn tí wọ́n gbà kúrò lórí ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì kó dé Trinidad, gbé ètò yìí lọ. Susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní ríronú sí. Owó tí a fi ra àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti kú. Kò ra ohunkóhun mọ́ níbikíbi. Ètò tí wọ́n gbé sínú orí lọ, nígbà tí wọn kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́, kò kú.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìgbẹ́kẹ̀lé kò ní ewu tirẹ̀. Gbèsè ni ó ń sọ ọmọ ènìyàn di ìwọ̀fà láyé àtijọ́, tí yóò máa fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san èlé orí owó tí baba rẹ̀ yá. A sì mọ alájọ tí ó kó owó ọlọ́wọ́ sá lọ. Ewu mìíràn tí ó tún wà ni ti àwọn tí ó ń gbé aṣọ èsúsú wọ ohun tí kì í ṣe èsúsú. MMM, tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀, wọ Nàìjíríà ní 2015. Ó ṣèlérí 30 lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, ó sì ní ìrànlọ́wọ́ láàárín ara ẹni ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi owó ilé-ìwé sí i wà, òṣìṣẹ́ tí ó fi owó àjẹmọ́nú sí i wà pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú èsúsú, ojú mọ ojú, ohun tí ó jáde kò ju ohun tí ó wọlé lọ. Nínú MMM, ẹni tí a kò mọ̀ ni yóò san èrè fún ẹni tí a kò rí. Ọ̀kánjúwà baba àrùn.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé owó ẹyọ fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ nínú òǹkà wa, nínú ìbéèrè tí a ń béèrè ní ọjà, àti nínú bí a ṣe ń ka owó ìjọba lórí rédíò. A ti rí i pẹ̀lú pé owó náà kú sọ́wọ́ àwọn tí kò gbọ́ ìròyìn ní kíá, àti pé pọ́n-ùn àti náírà tí ó tẹ̀lé e kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

A kò sọ pé kí ènìyàn má kó owó jọ. Àìlówó-lọ́wọ́ baba ìjayà. Ẹni tí kò ní kò lè fi ọgbọ́n nìkan san owó ilé ìwòsàn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tí ó ń kó owó jọ mọ̀ pé ìlérí ni ó ń kó jọ, àti pé ẹni tí ó ṣe ìlérí náà lè yí ohùn padà. Kí ó pín in: kí díẹ̀ wà ní báńkì, kí díẹ̀ di iṣẹ́ ọwọ́, ilẹ̀ tàbí ẹ̀kọ́ ọmọ, kí díẹ̀ sì wà láàárín àwọn ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n, tí wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní ọjọ́ tí báńkì bá tilẹ̀kùn.

Fún àwa olùkọ́ èdè, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òǹkà, kò tó kí a ní kí wọ́n há ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ sórí. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ wá sí kíláàsì, kí a dà á sílẹ̀, kí wọ́n fa á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di igba. Lẹ́yìn náà, kí a sọ ibi tí owó náà ti wá fún wọn, ohun tí wọ́n fi rà, àti ọwọ́ ẹni tí ó kú sí. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka ọ̀kẹ́ kan kò ní tètè gba ẹni tí ó bá ṣèlérí àádọ́ta rẹ̀ fún un láàárín oṣù kan gbọ́.